Ohun Tí Bàbá Ó-Dára Kò Yìn

Ọjọ́ Ajé tí wọ́n fi Ìyá Tìmùtìmù ṣe olórí ẹgbẹ́ kẹta, àfi bí ẹni pé wọ́n fi í jọba. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní kọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga àti tábìlì náà, tó ń gé fóòmù, tó ń rán aṣọ sí i, tó ń ki tìmùtìmù bọ inú àga. Bó ṣe ń rìn lọ sídìí tábìlì olórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, fóòmù ṣì wà nínú irun rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un, àfi obìnrin kan, ẹ máa tó mọ ẹni náà.

Ọ̀gá Pátápátá, ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, kọ́kọ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin yìí kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì ń já àyà àwọn èèyàn.

"Àga mẹ́rìnlélógún," ó ní. "Ilé ìsinmi àwọn àgbàlagbà ló fẹ́ rà á. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wọn máa wá kó o. Ìyá Tìmùtìmù, ẹ rántí ogún tábìlì tí wọ́n dá padà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ń mì bí ehín arúgbó. Ẹgbẹ́ kẹta yìí ló kàn wọ́n. Mo pe gbogbo wọn, mo ní ṣé kò sí ẹni tó rí i ni. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Tí àṣìṣe kan ṣoṣo bá tún jáde níbẹ̀, màá tú wọn ká, ẹ̀yin náà á sì padà sídìí fóòmù."

Ìyá Tìmùtìmù ní òun ti gbọ́. Ká má parọ́, ipò yẹn wù ú dé inú egungun. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi yangàn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gbé àga wọ́gọwọ̀gọ wá síwájú rẹ̀, tí á rí ibi tó ti wọ́ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, ẹnì kan ò sì bi í rí pé kí ni ìwọ rò. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ tí òun bá di olórí, òun máa gbọ́ ti gbogbo èèyàn.

Ẹ rora ná. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Èèyàn mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, tòun fúnra rẹ̀ sì ṣìkẹrin. Èdè ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ra wọn yé, oníkálukú ń fi ahọ́n ilé bàbá rẹ̀ lọ́ ọ. Ẹnì kan lẹ bébà ńlá kan mọ́ ògiri wọn tí wọ́n kọ "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" sí. Nínú ẹgbẹ́ kẹta, ọwọ́ pọ̀ o, àyà ni wọn ò tíì rí sọ.

Àgbà inú wọn ni Bàbá Ó-Dára, káfíńtà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, lẹ́búlẹ́bú igi sì máa ń bo orí rẹ̀ débi pé èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ ewú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "kò dára" lẹ́nu rẹ̀ rí. Níbi tí wọ́n ti bí i, tí o bá tọ́ka sí àṣìṣe olórí lójú èèyàn, bí ìgbà tí o bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ni. Ìyìn nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ̀.

Ẹnì kejì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ayùn. Òun ló ń fi fáníìṣì pa igi lára. Ní tìlú tiwọn, ẹni tí o bá fẹ́ràn lo máa ń sọ àléébù rẹ̀ fún, gbígbóná báyìí, kó tó tutù. Àlejò ni wọ́n ń yìn. Bí Ìyá Tìmùtìmù ṣe kí i ní "Ẹ káàárọ̀ o", èsì tó fọ̀ ni pé, "Fóòmù wà nírun yín. Ó burú gan-an."

Ìwé-Dà ni ẹ̀kẹta, ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ ayùn. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí láyé. Wọ́n ní nígbà kan tí èéfín yọ ní yàrá tí wọ́n ti ń se tíì, tí wọ́n pariwo pé kí gbogbo èèyàn sá jáde, ó ní ta ló buwọ́ lù ú. Wọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀ o, mi ò sí níbẹ̀.

Ìyá Tìmùtìmù tẹ́ àwòrán àga sórí tábìlì, ó fi ìwé gígé tó kọ fúnra rẹ̀, ìyẹn ìwé ìwọ̀n tí wọ́n á fi gé igi, tì í. Kí iṣẹ́ lè yá, orí ìwé àga kan tí wọ́n ṣe fún ilé ìwé lọ́dún tó lọ ló ti da ètò rẹ̀ kọ. "Gbogbo ìwọ̀n ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yìn àti apá àga la máa kọ́kọ́ gé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ó gé ẹsẹ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kò sí ìṣòro?"

Bàbá Ó-Dára yí tábìlì náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé gígé, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Igi tí ẹ yàn yìí dára," ó ní. "Ẹ̀yìn àga náà dára púpọ̀. Apá rẹ̀ dára, ó máa gba ọwọ́. Tìmùtìmù ńkọ́? Ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ọ̀rọ̀, ó dára. Àwọ̀ rẹ̀ dára. Ìyá, kódà bébà tí ẹ kọ ọ́ sí dára."

Orí Ìyá Tìmùtìmù wú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí!

"Èmi rò pé àwọ̀ yìí burú," Ẹnu-Ayùn já lu ọ̀rọ̀. "Ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Bàbá, gọ́ọ̀mù tí ẹ̀yin náà ń lò yẹn ń rùn. Àti pé ìwé gígé yìí..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí ojú Bàbá fi rọ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ há etí, ó jáde síta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Gọ́ọ̀mù! Gọ́ọ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ po!

Ibi tí olórí wa ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn. Àlàáfíà ló ń wá. Ó gbé bíìrò, ó ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan burú nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ rere nìkan."

"Tí nǹkan bá wá burú ńkọ́?" Ẹnu-Ayùn béèrè.

"Ẹ pa á mọ́ra."

"Ìwé dà?" ni Ìwé-Dà wí.

Ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lábẹ́ àgbájọ ọwọ́. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó ní òun fẹ́ gbọ́ ti gbogbo èèyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ara rẹ̀ létí.

Ilé iṣẹ́ tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹnu-Ayùn dúró síwájú ìwé gígé, ó la ẹnu, ó bojú wo òfin tó wà lára ògiri, ó pa ẹnu dé, ó lọ mu omi. Ó mu omi lọ́jọ́ yẹn débi pé ilé ìyàgbẹ́ di ilé rẹ̀ kejì. Lọ́jọ́rú, Bàbá Ó-Dára wá bá olórí nídìí tábìlì.

"Ìyá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó le dáadáa, Bàbá. Ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣọpẹ́. Tèmi, tí mo bá ti jókòó sílẹ̀ jù báyìí, àtidìde á di ogun." Ó ń wo ojú rẹ̀. "Àmọ́ fèrèsé yín yìí dára o."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Tìmùtìmù. Ó sáré mú tìmùtìmù tuntun kan wá, ó ní kí Bàbá máa fi jókòó. Bàbá gbà á, ó wò ó sókè wò ó sílẹ̀. "Ó dára," ó ní, ó sì ń mi orí lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ti lọ́jọ́ yẹn ò tíì dénú o, orí tìmùtìmù ló balẹ̀ sí.

Nílé, ìyá ọkọ rẹ̀, Màámi, ló ń bá wọn gbé, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó sì fẹ́ràn ìyàwó ọmọ jù ú lọ. Ìyá Tìmùtìmù fi ìkánjú se oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò tiẹ̀ ráyè tọ́ ọ wò. Ó gbé ti Màámi fún wọn lórí àga gbọọrọ inú pálọ̀.

"Ìrẹsì yìí mà tú ṣẹ́ṣẹ́ o, ìyàwó mi," ni Màámi wí. "Àwo yìí mọ́. Omi tútù yìí ló ń mú ara ẹni balẹ̀. Aṣọ tábìlì yìí ńkọ́, níbo lo ti rí i rà?"

Inú ìyàwó dùn títí dé ilé ìdáná, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń fọ ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà, kò sì sí ohun tí kò lè fọ̀ mọ́.

"Iyọ̀ ti pa ọbẹ̀ yẹn," ó fi ohùn kékeré sọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ bí Màámi ṣe ń yìn mí ni?"

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n yin ìrẹsì. Wọ́n yin àwo. Wọ́n yin omi, wọ́n yin aṣọ tábìlì. O gbọ́ ọbẹ̀ níbẹ̀? Ìyàwó mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti kékeré mi, ohun tí Màámi bá ti fò, òun gan-an ló bàjẹ́. Aájò rẹ ni wọ́n ń ṣe."

Ìyá Tìmùtìmù rẹ́rìn-ín, ó mú àwo kan kó nù ún. Ó ń nù ún lọ, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

Igi dára. Ẹ̀yìn dára. Apá dára. Tìmùtìmù, àwọ̀, bébà.

"Ẹsẹ̀," ó ní.

"Ẹsẹ̀ ta?"

"Ẹsẹ̀ àga! Bàbá ò yin ẹsẹ̀! Ó wá ń bi mí léèrè orúnkún, mo lọ ń fún un ní tìmùtìmù!" Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ínṣì méjìlá ló kọ síbẹ̀. Ó rí i báyìí kedere: ìwọ̀n ẹsẹ̀ àga àwọn ọmọ ilé ìwé ni, ó dà á kọ mọ́ ìyókù. Àgbàlagbà wo ló máa jókòó lórí àga ínṣì méjìlá tí á dìde?

Àfi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ ni, Màámi ké láti pálọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá fà mí dìde o! Àga gbọọrọ yín yìí," wọ́n mí kanlẹ̀, "aṣọ rẹ̀ dára."

Ìyá Tìmùtìmù pe Ìwé-Dà lórí fóònù lẹ́ẹ̀meje. Kò wọlé. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé aago márùn-ún ni iṣẹ́ ń parí, aago márùn-ún náà ni ọkùnrin yìí ń pa fóònù. Igi tó máa ṣẹ́kù ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn èyí ò sì lè ju ẹsẹ̀ mẹ́jọ ti àga méjì lọ. Tí ayùn bá gé gbogbo rẹ̀ kúrú, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè fà á gùn. Á padà sídìí fóòmù nìyẹn, ẹgbẹ́ á sì tú. Oorun tó sùn lóru yẹn, adìyẹ sùn jù ú lọ.

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló wọ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ló já wọ ọgbà ilé iṣẹ́, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ó ti ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ ayùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dúró! Ẹ dá a dúró!"

Ìwé-Dà gbójú sókè, ó sì yọ ohun tó fi dí etí kan kúrò. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ti wà nílẹ̀, ó tò wọ́n gún régé. Ó ti ń mú ìkẹsàn-án.

"Ìwé dà?" ó ní.

"Ìwé wo? Àṣìṣe ni! Ẹsẹ̀ yẹn ti kúrú jù!"

"Ìwé tí ẹ kọ sọ pé ínṣì méjìlá. Ìwé tó ní kí n dúró dà?"

Ìyá Tìmùtìmù wo tábìlì, kò sí bébà. Ó tú àpò, kò sí. Ó bá fò mọ́ ògiri, ó ya òfin ọ̀rọ̀ rere kalẹ̀, ó yí i padà, ó kọ "Ẹ dá iṣẹ́ dúró" gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Ìwé-Dà gbà á, ó kà á.

"Déètì òní ò sí níbẹ̀."

Mo bura fún yín, díẹ̀ ló kù kó fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ó kọ déètì. Ìwé-Dà ní ó péye, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

Bí àwọn méjì tó kù ṣe wọlé, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sọ ohun tó ṣe fún wọn, kò fi bò. Ẹnu-Ayùn wo ògiri, ó rí i pé òfin ò sí níbẹ̀ mọ́. "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ yín!"

"Ẹsẹ̀ àga kúrú, mo ti rí i láti ọjọ́ Ajé, ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Òfin yín yẹn ò mọ́gbọ́n wá. Àwọ̀ àga ṣì burú. Fóòmù tó wà nírun yín lọ́jọ́ Ajé, irú rẹ̀ tún wà níbẹ̀ lónìí." Ó mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Bàbá, gọ́ọ̀mù yín ń rùn, àmọ́ ó ń mú igi ju gọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ẹ lè bu òróró olóòórùn dídùn díẹ̀ sí i. Ẹni tí mi ò bá kà sí, mi ò kì í sọ tiẹ̀."

Ẹ̀rín kékeré kan yọ ní kọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá, ó di ńlá, gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni Ìyá Tìmùtìmù wí, "ẹ̀yin náà ti rí i láti ọjọ́ Ajé."

"Mo rí i. Mo sì sọ fún yín."

"Nígbà wo?"

"Mo yin gbogbo rẹ̀ tán, mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò dáhùn. Mo tún bi yín léèrè orúnkún!" Ojú rẹ̀ fi hàn pé lójú tiẹ̀, igbe ló ké yẹn.

"Ogún tábìlì ọjọ́sí ńkọ́?"

"Mo yin orí wọn. Mo yin ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo yin oríkèé wọn."

Ìyá Tìmùtìmù rò ó wò. Tó bá ní kí Bàbá máa sọ "kò dára", ńṣe ló máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá ní kí Ẹnu-Ayùn máa yin èèyàn, omi ló máa mu kú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kí oníkálukú gba tiẹ̀ wá. Ó ní láràárọ̀, kí Bàbá máa yin iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Kí Ìwé-Dà fi ìlà la ìwé sí méjì, kí ó kọ ohun tí Bàbá yìn sápá kan, ohun tí Bàbá fò sápá kejì. Ohun tó bá wà lápá kejì, kí Ẹnu-Ayùn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sọ òkodoro rẹ̀. Ìwé-Dà fẹ́ràn ètò yìí débi pé ó ra ìwé tuntun eléèpo pupa.

Ètò ọ̀hún ṣiṣẹ́ o! Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá yin ìṣó, ó yin aṣọ, ó fo apá àga kẹsàn-án. Ẹnu-Ayùn fọwọ́ kàn án. "Ó ń mì. Ó burú." Bàbá fúnra rẹ̀ ló tún un kàn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Igi tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi dípò ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó bàjẹ́, kò ku igi kan ṣoṣo nílẹ̀. Àwọ̀ náà, wọ́n yí i padà. Àṣé ó burú lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá Pátápátá sọ̀kalẹ̀ wá wò ó kí ọkọ̀ tó dé. Ó jókòó lórí àga kan, ó dìde. Ó jókòó lórí òmíràn, ó dìde. Ó mi èkẹta jìgìjìgì, kò mì. Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá nìyí."

Ìyá Tìmùtìmù lè dákẹ́ níbẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ ẹni tó ya òfin ìdákẹ́jẹ́ kúrò lára ògiri, òun náà ò lè máa gbé e kọ́rùn. Ó sọ ti ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó ṣòfò. Ó ní ìwé òun ló fà á, kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ohùn Ọ̀gá Pátápátá lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. "Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ òótọ́. Àmọ́ àdéhùn wa ni pé àṣìṣe kan ṣoṣo. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ padà sídìí fóòmù. Màá pín àwọn yòókù sáwọn ẹgbẹ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà ba Ìyá Tìmùtìmù nínú jẹ́ gidi gan-an. Ó mi orí. Ọ̀gá fẹ́ pẹ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ó yíjú sí ẹni tó mọ̀ pé kì í jiyàn. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ò dára?"

Bàbá Ó-Dára fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga tó jókòó lé, ó dìde. "Ọ̀gá, bàtà yín dára," ó ní. "Iná ilé iṣẹ́ yìí mọ́lẹ̀, ó dára. Ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó igi dára. Òótọ́ tí ìyá yìí sọ, ó dára púpọ̀."

Bíìrò Ìwé-Dà ń sáré lórí ìwé. Ẹnu-Ayùn ti di ẹnu mú kó má baà bú gbàù. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá ò tíì jókòó.

"Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un yẹn," ó ní, "kò dára."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Ẹnu-Ayùn. Ìwé-Dà gbàgbé, kò kọ ọ́.

"Bàbá?" ni Ọ̀gá wí. "Ọjọ́ tí mo béèrè ọ̀rọ̀ tábìlì, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mo sọ, Ọ̀gá. Ẹ ò gbọ́ ni. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún yín, ìyá yìí ni olórí àkọ́kọ́ tó gbọ́ ohun tí mi ò sọ."

Omi lé ròrò sójú Ìyá Tìmùtìmù, kò nù ún. "Ìyá yìí ò burú," Ẹnu-Ayùn fi kún un, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ pé kò yin ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ rí. Ìwé-Dà rántí ara rẹ̀, ó kọ̀wé wàràwàrà, ó ti ìwé eléèpo pupa náà síwájú Ọ̀gá. Ohun tó kọ ò ju ìlà kan lọ: Ìyá Tìmùtìmù ni olórí ẹgbẹ́ kẹta, ẹgbẹ́ kẹta ò ní tú ká.

Ọ̀gá Pátápátá kà á. Ó tún un kà. Ó wo àga mẹ́rìnlélógún, ó wo Bàbá tó ṣì dúró níbẹ̀, ó wá na ọwọ́ gba bíìrò. Ó buwọ́ lù ú.

"Déètì òní ò sí níbẹ̀," ni Ìwé-Dà wí.

Ọ̀gá kọ déètì. Ìgbà náà ni Bàbá Ó-Dára tó lè jókòó. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó fi pa ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé lára.

"Ẹsẹ̀ yìí," ó ní, "ó dára."